Bàtà Nọ́ńbà Méjìlélógójì

Ní Kakuri, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ aṣọ tí kò hun fọ́nrán kan mọ́,
ibẹ̀ ni gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa wà, páànù rẹ̀ ti dípẹtà.
Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni tábìlì tẹníìsì wa ní;
búlọ́ọ̀kù méjì ló ń ṣe ẹ̀kẹrin.
Baba Gambo ló ni kọ́kọ́rọ́. Kò léyín iwájú,
síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń súfèé tó dùn bíi tirẹ̀ ní gbogbo Kàdúná.

Ní Sátidé, aago mẹ́ta kọjá díẹ̀,
bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé á sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè,
láti ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń sùn sí,
Mísísì Bobai níwájú, tó ń nawọ́ bí ọlọ́pàá ojú pópó.
Wọ́n á bọ́ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀tì tí wọ́n lọ̀ tó mú bí abẹ,
òórùn ọṣẹ lára wọn, ìtìjú lójú wọn.
Àwa náà ń tijú. A ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀.
Ọmọ agogo là ń pè wọ́n,
torí agogo ló ń jí wọn, agogo ló ń bọ́ wọn,
agogo ló ń sọ fún wọn pé ilẹ̀ ti ṣú.

Fẹ̀hìntọlá ń wọ bàtà nọ́ńbà méjìlélógójì.
Èmi náà, nọ́ńbà méjìlélógójì, bí mo bá rí bàtà wọ̀.
Ó gbá ìdajì àkọ́kọ́, ó bọ́ ọ,
mo gbá ìdajì kejì nínú ooru ẹsẹ̀ rẹ̀.
Ẹ má pè é ní àánú.
Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fọ aṣọ funfun kó má pọ́n,
bí a ṣe ń lẹ ihò táyà kẹ̀kẹ́,
bí a ṣe ń fi Hausa ná ọjà kí wọ́n má mọ̀ pé àlejò ni.
Òun kọ́ mi ní ìdá, àti ìdá inú ìdá.
Ó ní kí n wo búrẹ́dì. Mo wò ó. Ebi ń pa mí.
A jẹ ìṣirò náà tán.

Ọdún kan dé tí ìlú dàrú.
Mo mọ ohun tí mo rí. N ò ní sọ ọ́ níbí.
Kónílé-ó-gbélé. Afárá di ààlà.
Bọ́ọ̀sì ò wá ní Sátidé kìíní, kò wá ní ìkejì.
Baba Gambo ṣílẹ̀kùn síbẹ̀, aago mẹ́ta,
ó gbálẹ̀, ó jókòó, ó kọ déètì sínú ìwé orúkọ,
kò kọ orúkọ kankan sí i.
Oṣù méje. Ojú ewé funfun, ojú ewé funfun.
Bàtà sì wà lọ́wọ́ mi,
nítorí ìdajì kejì leré ti dúró.

Ilé-ẹ̀kọ́ kọ lẹ́tà: ọ̀nà ò tíì dáa.
Àwọn òbí ò gbà. Ta ló máa bá wọn wí?
Ladidi, tó kéré jù nínú wa, ló béèrè:
"Ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì fi ń sọ̀kalẹ̀, ṣé kì í gòkè ni?"

A rìn. Ọmọ mọ́kànlá, Baba Gambo ìkejìlá,
ó ń súfèé kí sójà lè gbọ́ wa ká tó yọ.
Mo so bàtà kọ́ ọrùn, mo fẹsẹ̀ lásán rìn,
n ò fẹ́ kí eruku ọyẹ́ bà á jẹ́.
Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bi wá pé ta la fẹ́ rí.
A wo ara wa. A ò mọ orúkọ bàbá ẹnikẹ́ni.
Mo na bàtà sí i láàárín irin:
"Ẹni tí èyí bá bá lẹ́sẹ̀ mu."

Agogo dún nígbà náà. Ti oúnjẹ ni.
Agogo dún,
ọmọ kan ò lọ.

Ó ti lé lógún ọdún. Baba Gambo ti sùn.
Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi.
Fẹ̀hìntọlá ń kọ̀wé láti òkè òkun: ó ní
ẹsẹ̀ òun ti di nọ́ńbà mẹ́rìnlélógójì, kí n má dúró de òun mọ́.
Bọ́ọ̀sì ń bọ̀ ní Sátidé kan, àwa ń lọ ní Sátidé kejì;
bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ ọ́ sínú ìwé.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fẹ́ ra tábìlì tuntun fún wa.
Mo ní ẹ fi sílẹ̀.
Bọ́ọ̀lù tó bá ba apá búlọ́ọ̀kù máa ń yà,
ọmọ òkè ni o, ọmọ ìsàlẹ̀ ni o,
kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa gbà.